Àbújá ni àbí Abere? Bí agbára ṣe pín láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀

Bí iná bá lọ ní Òṣogbo, gómìnà la máa bú. Bí òṣìṣẹ́ kánsù ò bá rówó oṣù gbà, gómìnà náà la máa bú, ẹlòmíì á tún bú Ààrẹ mọ́ ọn. Bí títì bá bàjẹ́, ẹni tí fọ́tò ẹ̀ wà lórí pátákó tó sún mọ́ kòtò yẹn jù ló máa jẹ èpè ọjọ́ náà. Ẹ ṣáà wọ kòròpẹ̀ láti Old Garage lọ sí Ògo-Olúwa, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹjọ́. Kì í ṣe pé àwa aráàlú ò gbọ́n o, ètò ìjọba tiwa ni kì í tètè yé èèyàn, àwọn tó ń ṣèjọba gan-an sì gbádùn kó má yé wa, torí tẹ́ ẹ bá bi ará Abere, ìyẹn sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀ṣun, á ní Àbújá ni, tẹ́ ẹ bá sì bi ará Àbújá, á ní ṣebí àwọn ti pín owó fún gómìnà yín.

Mo wá ní kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé òfin 1999, láìsí gírámà, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà-Ọba.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé Ààrẹ ni ọ̀gá gómìnà, pé gómìnà náà ni ọ̀gá alága kánsù, pé àṣẹ kàn ń sọ̀kalẹ̀ látòkè ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin tó gbé Ààrẹ dépò náà ló gbé gómìnà dépò, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ààrẹ ò lè yọ gómìnà bó ṣe ń yọ mínísítà. Kò lè sọ fún un pé má fowó ìpínlẹ̀ ẹ ṣe títì, fi kọ́ ọsibítù. Ilé aṣòfin tó wà ní Abere náà ò nílò láti lọ tọrọ àyè ní Àbújá kó tó ṣòfin lórí ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa bi mí pé Rivers ńkọ́? Òótọ́ ni, ní oṣù kẹta 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ipò pàjáwìrì ní Rivers, ó ní kí gómìnà, igbákejì ẹ̀ àti gbogbo ilé aṣòfin wọn lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Section 305 ló dì mú. Section yẹn fún Ààrẹ lágbára láti kéde pàjáwìrì lóòótọ́, àmọ́ kò síbi tó ti dárúkọ pé kí wọ́n dá gómìnà dúró, ìdí nìyẹn táwọn lọ́yà fi bára wọn jiyàn lé e lórí bí ẹni tó ń ja ogún. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n bí nǹkan ṣe ń lọ lójoojúmọ́.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ "ta ni ọ̀gá" sílẹ̀ ná. Lórí nǹkan yòówù kó jẹ́, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bèèrè: ta ló lè ṣòfin lé e lórí, ta ló di owó ẹ̀ mú, ta ló ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Lẹ́yìn ìwé òfin yẹn, wọ́n to àwọn nǹkan sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí táwọn lọ́yà ń pè ní Exclusive List, nǹkan 68 ló wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé náà jáde ní 1999, Àbújá nìkan ló sì lè ṣòfin lórí wọn. Sójà wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, owó náírà àti báńkì, kọ́sítọ́ọ̀mù, pásípọ́ọ̀tù, ìbọn, epo rọ̀bì, wúrà àti gbogbo nǹkan olówó iyebíye tó wà nínú ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú, iye owó oṣù tó gbọ́dọ̀ kéré jù, kódà ìgbéyàwó alárẹ̀dè tí a ń ṣe ní kóòtù. Ìkejì ni Concurrent List, ìyẹn àwọn nǹkan táwọn méjèèjì jọ lè dá sí: yunifásítì, iná mànàmáná, iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá, àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n tí òfin ìpínlẹ̀ bá ta ko ti Àbújá níbẹ̀, ti Àbújá ló máa dúró, section 4 ò fi bò rárá. Ẹ̀kẹta ò ní lísìtì kankan, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀: ohunkóhun tí wọn ò bá kọ sínú méjì àkọ́kọ́ yẹn, ti ìpínlẹ̀ ni. Bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ oyè. Kò sí ohun tó kan Ààrẹ pẹ̀lú ẹni tó máa jẹ Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, gómìnà ló ń fún ọba lọ́pàá àṣẹ, òfin oyè ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé.

Kẹ́ ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta yẹn kì í ṣe àwàdà, ẹ wo kíọ́ṣí Baba Ìjẹ̀bú tó wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú yìí. Ta ló yẹ kó fún wọn ní láìsẹ́ǹsì? Àbújá ṣe òfin lọ́tìrì kan ní 2005, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni, ẹ fi ibi tí wọ́n ti kọ tẹ́tẹ́ sí lísìtì yín hàn wá. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Supreme Court ní 2008, ẹjọ́ yẹn wà níbẹ̀ títí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó di November 22, 2024 kí wọ́n tó dájọ́ pé lóòótọ́ ni, kò sí níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ni ín, òfin 2005 yẹn ò sì ní agbára mọ́ àfi ní Àbújá fúnra ẹ̀. Irú ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ lórí òtẹ́ẹ̀lì ní 2013, Èkó náà ló jàre. Ọ̀pọ̀ agbára ló wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí wọn ò lò, torí pé kò sí ẹni tó yọjú sí kóòtù lọ bèèrè ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni odò Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ti dé ojúbọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí mọ̀ bí omi yẹn ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀ amọ̀. Kò ṣẹ̀yìn àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fọ yanrìn wúrà sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọnú Ọ̀ṣun. Àwa tá a wà ní ìsàlẹ̀ odò la ń fojú rí i, àwọn olùjọsìn tó ń bu omi yẹn mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n ṣọ́ra. Gbogbo èèyàn sì ń sọ pé "ìjọba ò ṣe nǹkan kan." Ìjọba wo?

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, abẹ́ gómìnà ló wà, Land Use Act tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 ló fi í sí i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ gómìnà ló ń fọwọ́ sí C of O. Wúrà tó wà nínú ilẹ̀ kan náà, Àbújá ló ni ín. Ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Mining Cadastre Office ní Àbújá ló ń fúnni ní láìsẹ́ǹsì ìwakùsà, òun náà ló lè gbà á padà. Nítorí náà ẹnì kan lè ti Àbújá gba ìwé wá sórí ilẹ̀ tí gómìnà Ọ̀ṣun jẹ́ olórí ẹ̀, kí gómìnà má sì ní agbára láti fagi lé ìwé yẹn. Òfin ìwakùsà ní kí wọ́n bá onílẹ̀ àti ará àdúgbò sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n san nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ò gbé ní Ọ̀ṣun. Ẹni tó ń wà á láìníwèé rárá ńkọ́? Ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá àti sífú dìfẹ́ǹsì ló yẹ kó mú un, àwọn méjèèjì ò sì sí lábẹ́ gómìnà. Bíba omi jẹ́ fúnra ẹ̀, àjọ NESREA ti Àbújá wà fún un, ìpínlẹ̀ náà ní ministry tó ń rí sí àyíká tiẹ̀, méjèèjì lè dá sí i, ohun tí méjèèjì lè dá sí sì ni ohun tí kálukú máa ń fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Igbó Ọ̀ṣun gan-an wá yàtọ̀: láti 1965 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, UNESCO fi í sí lísìtì àgbáyé ní 2005, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù ló ń mójú tó o. Àmọ́ ọdún Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀, Àtáọ́ja, Arugbá àti àwọn ará ìlú ló ni ín, ìpínlẹ̀ sì ń fi ṣe ètò ìrìn-àjò afẹ́. Odò kan ṣoṣo o!

Ṣé gómìnà ò wá ní nǹkan kan tó lè ṣe ni? Ó ní in. Ó lè lo òfin àyíká tiẹ̀, ó lè lo agbára orí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè gbé Àbújá lọ sí kóòtù, ó sì lè pariwo. Lórí owó, ìwé òfin sọ pé ibi tí ohun àlùmọ́ọ́nì bá ti jáde gbọ́dọ̀ gbà ó kéré tán 13% nínú owó tó bá wọlé látara ẹ̀, kò sọ pé epo rọ̀bì nìkan. Láti 2021 tí ìwakùsà ńlá ti Segilola ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde ní Ọ̀ṣun, ìbéèrè nípa 13% yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Niger Delta nìkan mọ́.

Ó yá, iná. Òṣogbo yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo Nàìjíríà bó ṣe ń ti Kainji, Ẹ̀gbìn àti ibòmíì bọ́ sórí wáyà ńláńlá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé national grid ti ṣubú, ìlú tiwa yìí ni wọ́n ti ń tò ó padà. Àlejò á wá máa rò pé iná ò gbọdọ̀ lọ ní Òṣogbo láé, ẹ ẹ̀ mọ̀ pé a kàn ń bá wọn ṣọ́ ọ ni. Ti Àbújá ni ibẹ̀, gómìnà Ọ̀ṣun ò lè wọlé lọ síbẹ̀ kó ní kí wọ́n yí iná sí Ayétòrò. Wáyà tó wá sí àdúgbò wa, abẹ́ IBEDC ló wà, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ tà fún aládàáni ní 2013.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí ìwé òfin sọ ni pé ìpínlẹ̀ lè ṣe iná tiẹ̀, àmọ́ níbi tí grid ò bá dé nìkan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìlú wo ni wáyà NEPA ò dé, ká má tíì sọ pé iná wà nínú wáyà? Àyè yẹn ò wúlò. Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó mú ìdíwọ́ yẹn kúrò, nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà Tinubu fọwọ́ sí Electricity Act. Láti ìgbà yẹn, ìpínlẹ̀ tó bá ṣe òfin iná tiẹ̀, tó sì dá àjọ tó máa bójú tó o sílẹ̀, lè gba àṣẹ lórí iná inú ìpínlẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná: láìsẹ́ǹsì, iye owó iná, ẹjọ́ oníbàárà, gbogbo ẹ̀. Èkìtì, Oǹdó àti Enugu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024. Ohun tó kù sọ́dọ̀ Àbújá ni grid ńlá àti iná tó bá ń ti ìpínlẹ̀ kan kọjá sí òmíràn. Nítorí náà, gómìnà tó bá sọ ní 2015 pé iná ò sí lọ́wọ́ òun, òótọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Èyí tó bá sọ ọ́ lónìí, ẹ bi í ní òfin tó ti ṣe àti ibi tó bá a dé. Òfin nìkan ò ní tan gílóòbù o, owó gidi ló ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n àwáwí yẹn ti tinrín.

Àtúnṣe 2023 yẹn náà ló gbé rélùwéè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò nínú ohun tí Àbújá dá ní. Ìyẹn kàn wá ní Òṣogbo, ìlú tí rélùwéè ti wọ̀ láti ayé àwọn òyìnbó, tó jẹ́ pé Station Road gba orúkọ lára ẹ̀. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn èèyàn wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sílé nígbà Iléyá àti Kérésì, ọ̀pọ̀ ló rò pé Ọ̀ṣun ló ni ọkọ̀. Rárá o, wọ́n háyà ẹ̀ lọ́wọ́ àjọ rélùwéè ìjọba àpapọ̀ ni.

Ti ọlọ́pàá ló le jù, mi ò sì ní fi dúdú pe funfun fún yín: èmi ò rò pé bó ṣe wà yẹn dáa. Section 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló máa wà ní Nàìjíríà. Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá àgbà wọn, láti Àbújá ni wọ́n ti ń fi kọmíṣánnà ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí Òṣogbo, láti Àbújá náà ni wọ́n ti ń gbé e lọ. Section 215 ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà lórí ààbò ìlú, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, nínú section yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kọmíṣánnà lè sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Gómìnà á ra ọkọ̀ fún wọn, á ra epo sí i, á tún ọ́fíìsì wọn kùn, àṣẹ ò tún sí lọ́wọ́ ẹ̀. Tí adigunjalè bá wọ ìlú, òun náà la máa ń pè ní olórí ààbò.

Ibẹ̀ ni Àmọ̀tẹ́kùn ti wá. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá jọ ṣí i ní Ìbàdàn ní January 9, 2020. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn ní kò bófin mu, ariwo sọ, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sọ ọ́, kálukú ìpínlẹ̀ lọ ṣe òfin tiẹ̀, Ọ̀ṣun náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí Àmọ̀tẹ́kùn pẹ̀lú ṣakabùlà lójú igbó tí àwọn ajínigbé ń gbé AK-47 ni pé ọ̀rọ̀ ìbọn wà nínú lísìtì Àbújá, ìpínlẹ̀ ò lè dá fún wọn ní ìbọn ńlá. Kì í ṣe pé gómìnà láhun.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni Àbújá ṣe wá kó gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ìwé òfin 1954 ló sọ Nàìjíríà di ìjọba tí àpapọ̀ àti àwọn ẹkùn ti pín agbára, tí Western Region tiwa ní olú ìlú ní Ìbàdàn, tí Awólọ́wọ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955 láì dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà yẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà, nígbà tó sì di òmìnira ní 1960, ìdajì owó ohun àlùmọ́ọ́nì tó bá jáde nílẹ̀ ẹkùn kan ló ń padà sọ́dọ̀ ẹkùn yẹn. Àwọn sójà dé ní 1966, ìjọba ológun ò sì mọ̀ ju àṣẹ òkè lọ. Wọ́n gé ẹkùn sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, ó di 19 ní 1976, nígbà tó máa fi di 1996 ó ti di 36. Nígbà tí Babangida yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní August 27, 1991, a jó, a yọ̀, Òṣogbo di olú ìlú. Ohun tí a ò rò ni pé bí ìpínlẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń nílò Àbújá sí i.

Ìyẹn mú wa dé ọ̀dọ̀ owó. Oṣooṣù ni wọ́n ń jókòó ní Àbújá láti pín ohun tó wọ inú àpò gbogbogbòò. Nínú àpò yẹn, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, ìpínlẹ̀ 36 jọ ń pín 26.72%, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 jọ ń pín 20.60%. Ti VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún owó ọjà, yàtọ̀, òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ní kí ìjọba àpapọ̀ mú 10%, kí ìpínlẹ̀ mú 55%, kí ìbílẹ̀ mú 35%. Nítorí náà nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015, Ọ̀ṣun tí kò ní kànga epo kankan ló ń sanwó oṣù ní ìdajì fún àwọn òṣìṣẹ́ kan, ẹ ò lè gbàgbé ìyẹn, àwọn tó jẹ nínú ìyà ẹ̀ ṣì wà láyìíká wa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ níbí: owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń gbà á. Olùkọ́ Fáṣítì Ifẹ̀ tí Àbújá ń san owó oṣù fún, tó ń gbé ní Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ló ń gba owó orí ẹ̀. Owó orí ilé iṣẹ́ ńlá ló ń lọ sí Àbújá. Owó oṣù tó kéré jù náà, Àbújá ló ń ṣòfin ẹ̀, ₦70,000 ni wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024, kò sí ìpínlẹ̀ tó gbọdọ̀ san kó dín, àmọ́ ìpínlẹ̀ lè fi kún un, Ọ̀ṣun kéde ₦75,000.

Kánsù wá ni ẹgbò tó ń dun Ọ̀ṣun jù. Ìlú Òṣogbo yìí gan-an, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, Òṣogbo tí sẹkitéríàtì ẹ̀ wà l'Ókè-Báálẹ̀ àti Ọlọ́rundá tó wà n'Ígbọ̀nà, ẹni tó bá gbé ní ojúlé kan lè má wà ní kánsù kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọjú sí i. Iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé òfin: ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, títì àdúgbò, ilé ìwòsàn kéékèèké. Section 7 ní àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é. Ẹ̀yin ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dì í: àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, OSIEC tiwa, tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀, ló ń ṣe ìdìbò kánsù, kì í ṣe INEC, Àbújá ló ń pín owó wọn, owó yẹn sì ń gba inú àkáǹtì kan tí ìpínlẹ̀ àti kánsù jọ ní kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ owó kánsù ti ń ṣe àwátì ní Nàìjíríà nìyẹn. July 11, 2024, Supreme Court ní kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù, pé kánsù tí wọn ò dìbò yàn ò gbọdọ̀ gbowó.

Ní Ọ̀ṣun, ìdájọ́ yẹn bá ìjà nílé. Ìdìbò kánsù kan wáyé ní October 2022, òmíràn wáyé ní February 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń sọ pé àwọn ló ni àga, kóòtù lórí kóòtù, ẹ̀mí sọnù, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù pa ibiṣẹ́ tì, Àbújá sì di owó mú ní 2025. Mi ò ní dá sí ẹni tó jàre, ẹni tó bá ń ka èyí ti ní ẹgbẹ́ tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2004, Ọbásanjọ́ di owó kánsù Èkó mú torí pé Tinubu tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀ nígbà yẹn dá kánsù tuntun sílẹ̀. Supreme Court sọ ní December ọdún yẹn pé Ààrẹ ò ní agbára láti di owó yẹn mú, wọ́n sì tún ní kánsù tuntun yẹn ò tíì pé lábẹ́ òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ á fi fọwọ́ sí i. Kálukú mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó jẹ́ gómìnà lọ́jọ́ yẹn ló wá di Ààrẹ lónìí, ayé ń yí ṣá.

Àwọn tó kù ò le. Títì: èyí tí ilé aṣòfin Àbújá bá kéde pé ó jẹ́ tiwọn, bí Ìbàdàn–Ifẹ̀–Iléṣà, tiwọn ni, èyí tó kù pín sí ti ìpínlẹ̀ àti ti kánsù. Afárá Ọ̀láìyá, ìpínlẹ̀ ló ṣe é. Ọsibítù: OAUTHC n'Ífẹ̀ jẹ́ ti Àbújá, UNIOSUN Teaching Hospital tó wà níbí àti Asubiaro jẹ́ ti ìpínlẹ̀, nítorí náà tí dókítà kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bínú sí. Ilé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, FGC Ìkìrun jẹ́ ti Àbújá, ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Tí ìjọba Ọ̀ṣun bá ní kí wọ́n fi August 20 sinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, Abere á ti ilẹ̀kùn, báńkì àti Federal Secretariat á ṣí, ẹ má bá wọn jà, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìṣẹ̀ṣe.

A tún máa ń lọ bá sẹ́nétọ̀ pé kó wá gbẹ́ kànga fún wa. Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ ni, òfin ló wà níbẹ̀ láti ṣe, bí òfin ìwakùsà tí mo sọ yẹn. Ohun tí kì í wá sí wa lọ́kàn ni pé Àbújá nìkan ò lè yí ìwé òfin padà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn ìyẹn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 náà gbọ́dọ̀ dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àtúnṣe tó fẹ́ fún kánsù ní òmìnira ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ ní 2023, ìpínlẹ̀ tó gbà á ò tó 24. Àtúnṣe tó bá fẹ́ fàyè gba ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba Abere kọjá, níbi tí onórébù àdúgbò yín ti máa gbọ́wọ́ sókè tàbí kó káwọ́ gbera. Nọ́ńbà fóònù ẹ̀ kì í ṣòro rí, ẹ bi í bó ṣe dìbò.